Ọ̀nà Dá, Ilé Kún: Lórí Ìṣirò Ìlà Tí Ìwọ̀n Èrò Rẹ̀ Ń Yí Padà

Ní 1917, A. K. Erlang, onímọ̀ ìṣirò ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen, gbé ìlànà kan jáde fún mímọ iye wáyà tó máa gba ìpè àwọn ará ìlú. Ìlànà náà gbà pé ìwọ̀n tí ìpè fi ń wọlé kì í yí padà. Fún wákàtí kan, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn, láti àárọ̀ di òru, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe sí i ni pé wọ́n á gé ọjọ́ sí wákàtí-wákàtí, wọ́n á wá ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìwọ̀n èrò tó ń wọlé nínú rẹ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí kò burú fún ìpè oníṣẹ́jú mẹ́ta. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń pẹ́, ìṣìnà gbáà ni.

Ká ní bẹ́ẹ̀dì wà tó, tí aláìsàn ń lo wákàtí 6 ní ìpíndọ́gba, àwọn kan á tètè lọ, àwọn mìíràn á pẹ́. Ní ọ̀sán gangan, 16 ń wọlé láàárín wákàtí kan; ní òru gangan, 4; ìwọ̀n náà ń lọ sókè sódò bí ìgbì láàárín méjèèjì. Oníwákàtí-wákàtí á ní bẹ́ẹ̀dì 96 (16 lọ́nà 6) ni ọ̀sán ń fẹ́, nígbà tí àwọn tó wà nílẹ̀ kò ju bí 70 lọ. Èyí kàn ń fi owó ṣòfò ni. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ló bani lẹ́rù: 7 ló ń wọlé, ó ní 42 ti tó, ó sì dá nọ́ọ̀sì padà sílé. Aláìsàn 69 ló ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì! Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni èrò pọ̀ jù, 79, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹnu ọ̀nà ti kún jù.

Àwọn olùwádìí Eick, Massey àti Whitt ṣàlàyé ìfàsẹ́yìn yìí ní 1993: ṣe bí ẹni pé òṣìṣẹ́ kò lópin, kí o ka iye ẹni tó máa wà níbẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní 1996, Massey àti Whitt pẹ̀lú Jennings àti Mandelbaum fi èèlé kún un nítorí ìgbà tí èrò bá ju ìpíndọ́gba lọ; èèlé náà ń bá gbòǹgbò iye náà rìn, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ láti rí iye náà. Fún 79, gbòǹgbò náà jẹ́ bí 9.

Wọ́n lè bi mí pé òṣìṣẹ́ wo ni kò lópin. Òótọ́ ni: bí ìlà bá ti gùn kọjá ààlà, ìṣirò yìí náà á tàsé, nítorí àwọn tó ń dúró á tún sún àsìkò tí èrò pọ̀ jù síwájú. Ṣùgbọ́n ìlà gígùn bẹ́ẹ̀ gan-an la ń wá ọ̀nà àtidènà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ ka àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó ka àwọn tó ń wọlé.