Èèbù Tí Baba Ńlá Fi Sílẹ̀

Ní Òdò-Orò, nítòsí Ìkọ̀lé, kí òjò tó múlẹ̀ ni àgbẹ̀ ti máa ń ṣa èèbù sọ́tọ̀ lára iṣu èṣí, tí yóò sì kó o lọ sórí ebè. Kò sẹ́ni tó ń wá èso iṣu kiri láti gbìn. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lára èèbù ni yóò máa pín, tí yóò máa pọ̀ sí i, títí yóò fi di ọ̀mùnú, ìtàkùn, ewé àti iṣu tuntun. Akọ àti abo kò pàdé rárá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iṣu tí ọmọ ń wa lóko bàbá bàbá rẹ̀ lónìí, bí wọn kò bá pààrọ̀ irú rẹ̀, òun gan-an ni bàbá àgbà náà gún ní iyán nígbà ayé rẹ̀.

Ta ló wá kọ́kọ́ mú un kúrò nínú igbó?

Ó pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko bí ẹni pé àgbàdo, àlìkámà àti ìrẹsì nìkan ló ní ìtàn. Ní 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn kan lára wọn ń ṣiṣẹ́ ní IRD, àjọ ìwádìí ilẹ̀ Faransé, ka DNA iṣu 167, ti oko àti ti igbó pọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣu funfun ti ara iṣu igbó tí wọ́n ń pè ní Dioscorea praehensilis jáde, ní agbègbè Odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ wa wà lára ibi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ láti Japan àti IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, yẹ iṣu 336 wò. Wọ́n ní àmúlùmálà ni iṣu funfun: iṣu igbó náà ni òbí kan, iṣu ọ̀dàn, Dioscorea abyssinica, sì ni èkejì. Ìwádìí méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Àmọ́ ẹni tó bá mọ àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ títí wọ Ìkọ̀lé, mọ bí igbó ṣe ń tán díẹ̀díẹ̀ tí ọ̀dàn sì ń gba ilẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣu méjèèjì ti lè fojú kanra.

Ọwọ́ àgbẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lára àwọn Nàgó tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá wa, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń wa iṣu igbó wálé, tí wọ́n ń gbìn ín fún ọdún mélòó kan títí yóò fi ṣeé jẹ dáadáa. Ìwádìí tó jáde ní 2006 fi hàn pé iṣu igbó gidi wà lára ohun tí wọ́n ń mú wálé bẹ́ẹ̀, àmúlùmálà igbó àti oko sì wà níbẹ̀. Wọn kò ka DNA kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bí ìbẹ́pẹ ni iṣu rí: ọ̀tọ̀ ni akọ, ọ̀tọ̀ ni abo. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú tuntun jáde gbọ́dọ̀ dúró de òdòdó kó tó mọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo, òmíràn kì í sì í tanná. Ní 2017, iṣẹ́ tí Muluneh Tamiru àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí odindi DNA iṣu funfun yanjú èyí. Ewé kékeré kan ti tó láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Èèbù tó ń gbé adùn bọ̀ láti ìran dé ìran ń gbé àrùn fáírọ́ọ̀sì bọ̀ pẹ̀lú. Ṣónṣó orí ọ̀mùnú ni fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé bíńtín, tí wọ́n ń tọ́ ọ nínú ìgò títí yóò fi di èèbù tó mọ́.

IITA ní irú iṣu tó ju 5,000 lọ nípamọ́ ní Ìbàdàn. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin ará Òdò-Orò tí irú iṣu àtijọ́ bá ṣì wà lóko yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì fún wọn ní èèbù kan kí irú náà tó run.