Bí ẹ ṣe lè dé Abẹ́òkúta: ojú títì, rélùwéè àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ọ̀nà kan ò wọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan ò wọ Abẹ́òkúta. Olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn kò jìnnà sí Èkó, kò sì jìnnà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣi ọ̀nà yàn lè fi gbogbo òwúrọ̀ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Aláìsàn tó fẹ́ rí dókítà ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB tó fẹ́ ṣèdánwò, àti oníṣòwò tó ń bọ̀ wá ra àdìrẹ ní Ìtòkú, kò sí èyí tó lè fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣeré nínú wọn. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò kúrò lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ náwó méjì lórí ìrìn kan.

Àwọn ọ̀nà tó wà nìyí, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dára fún.

Ọ̀nà àtijọ́: Sàńgò, Ifọ̀, Pápálántò

Èyí ni ọ̀nà tí àwọn àgbà mọ̀ jù láti Èkó. Ẹ lè wọkọ̀ ní Òṣòdì tàbí Ìyànà-Ìpájà. Ọkọ̀ á gba Sàńgò-Ọ̀tà kọjá, á dé Ifọ̀, Pápálántò, Ìtòrí, Ewékorò àti Wáṣinmi, kó tó gba Ọbádà-Òkò wọ Abẹ́òkúta.

Ire rẹ̀ ni pé ìlú pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń lọ sí Ifọ̀ tàbí Ewékorò kò ní ọ̀nà mìíràn tó yá jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ lágbedeméjì á rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Wàhálà rẹ̀ kò farasin. Títì ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń ké pé ó ti bàjẹ́, pàápàá láti ẹ̀gbẹ́ Sàńgò. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò náà ń rìn níbẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún iye àkókò tẹ́ ẹ rò.

Ọ̀nà Ṣágámù

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ ló ti kọ ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ báyìí. Wọ́n á wọkọ̀ ní Berger, l'Ójódù, wọ́n á gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n á yà ní oríta Ṣágámù, wọ́n á wá gba Síún àti Kọ́bapẹ́ wọ ìlú. Apá Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ni wọ́n máa ń gbà wọlé, gáréèjì Kútọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń já èrò sí.

Lórí máàpù, ọ̀nà yìí gùn ju ti Sàńgò lọ, owó rẹ̀ sì lè fi díẹ̀ lé sí i, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń yá. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ọjọ́ tí ìpàgọ́ bá wà láwọn ibùdó ìjọ tó wà lójú títì márosẹ̀ náà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè máà kúrò lójú kan fún ìgbà pípẹ́.

Láti Ìbàdàn

Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn á wọkọ̀ ní Àpáta, á gba Ọmí-Adíò àti Bàkàtàrí, á kọjá ní Ọ̀dẹ̀dá àti Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB àti ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni l'Ọ́ṣíẹ̀lẹ̀ kò ní láti wọ àárín ìlú rárá; kí wọ́n sọ fún awakọ̀ ṣáájú ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀.

Láti Ìmẹ̀kọ àti Kétu

Àwọn tó ń ti Kétu ní ilẹ̀ Benin bọ̀ máa ń gba Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò. Láfẹ́nwá ni ọkọ̀ wọn ń dúró sí. Ẹ má gbàgbé ìwé ìrìnnà, torí àwọn aṣọ́bodè wà lójú ọ̀nà.

Rélùwéè

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gba Odò Ògùn kó ẹrù láàárín Èkó àti Arò, èbúté Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1901 ni rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ṣí, Láfẹ́nwá sì di ibùdókọ̀ tí gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀.

Èyí tó wà báyìí yàtọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ìlà tuntun náà, tó gùn tó kìlómítà 157. Láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta (ibùdó Mobolaji Johnson), ó ń gba Agége, Àgbádó, Kájọlà àti Pápálántò dé Abẹ́òkúta, kó tó lọ parí sí Mọ́níyà n'Íbàdàn. Ibùdó ti Pápálántò ń jẹ́ orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká.

Ọkọ̀ yìí kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ààyè oríṣi mẹ́ta ló sì wà gẹ́gẹ́ bí agbára oníkálukú. Ohun mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀:

- Ìrìn tó ń lọ lóòjọ́ kò pọ̀, àkókò rẹ̀ sì ń yí padà. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àjọ rélùwéè kẹ́ ẹ tó jáde.
- Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kẹ́ ẹ sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀ àti lásìkò ọdún.
- Ládérin ni ibùdó Abẹ́òkúta wà, kì í ṣe Láfẹ́nwá. Ẹ ṣì máa wọ takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá wọ àárín ìlú, ẹ ka owó yẹn mọ́ owó ọkọ̀ yín.

Ẹni tó ń bọ̀ nínú bàálù

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ kò ní pápákọ̀ òfurufú. Ti Murtala Muhammed n'Íkẹjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Láti ibẹ̀, ibùdó rélùwéè Agége àti gáréèjì Berger kò jìnnà. Pápákọ̀ Gateway wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, ọ̀nà Ṣágámù ni wọ́n sì ń gbà láti ibẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta.

Ẹ̀mí ò láàrọ̀

Inú gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti wọkọ̀, ẹ má wọ èyí tó ń ṣa èrò lẹ́bàá títì, torí àwọn "one chance". Ẹ gbìyànjú láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ará ilé kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé, ẹ pa ohùn pọ̀ kẹ́ ẹ bá a wí. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, lórí 122, tàbí kẹ́ ẹ pe 112. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ní kúkúrú: ẹni tí àkókò ká lára, kó wọ rélùwéè tí wákàtí rẹ̀ bá bá a mu, tàbí kó gba Ṣágámù. Ẹni tó lẹ́rù púpọ̀, gáréèjì ló máa yá a. Ẹni tó bá ní àdéhùn ilé ìwòsàn láàárọ̀, kó wọ̀lú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sùn síbẹ̀.