Ìwífún àti Ẹni tí a Ń Wí Fún: Ìtàn Bí Ẹ̀kọ́ Nípa Ètò Ìwífún Ṣe Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò



Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ ìtàn ẹ̀kọ́ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Management Information Systems, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní MIS ní ìkékúrú. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ mi. Yàtọ̀ sí èyí, ojúgbà ni ẹ̀kọ́ náà àti ẹ̀kọ́ Yorùbá jẹ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni àwọn méjèèjì di ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ gba oyè ní yunifásítì, ìbéèrè kan náà ni a sì ń bi àwọn méjèèjì láti ìgbà náà wá: ṣé ìmọ̀ tí ó dá dúró ni ẹ jẹ́, tàbí àmúlùmálà ohun tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ MIS máa ń bi mí pé ibo ni ẹ̀kọ́ náà ti wá, àti pé ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà lásán ni. Ìbéèrè náà yẹ ní ìdáhùn, nítorí ọdún mẹ́rin ayé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré.

Kì í ṣe inú yunifásítì ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì ni. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìlú London tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ J. Lyons. Ó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri tí àwọn ènìyàn ti ń mu tíì tí wọ́n sì ń jẹ kéèkì. Ẹ jẹ́ kí a ro ìṣòro irú òwò bẹ́ẹ̀ wò. Kéèkì kì í pẹ́ bàjẹ́. Èrè orí ife tíì kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àìmọye ife ni a ń tà lóòjọ́, olúkúlùkù sì ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Bí owó tí a ń san fún àwọn akọ̀wé bá pọ̀ díẹ̀, èrè ti tán. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ yìí ṣe gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan síṣẹ́ ní ọdún 1923, John Simmons, onímọ̀ ìṣirò láti Cambridge, pé kí ó wá tún iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn ṣe. Kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá ni Simmons ti ń bèèrè pé: kí ni alákòóso nílò láti mọ̀, ta ni ó yẹ kí ó sọ fún un, nígbà wo sì ni?

Ní ọdún 1947, Lyons rán àwọn ènìyàn rẹ̀ méjì, Thompson àti Standingford, lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀. Ní Princeton ni Herman Goldstine ti sọ fún wọn pé àwọn kan ń kọ́ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń wá ní Cambridge, ní ilẹ̀ tiwọn gan-an. Wọ́n padà sílé, Lyons fún àwọn ará Cambridge ní £3,000 láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ tiwọn. Orúkọ tí wọ́n fún un ni LEO, èyí tí í ṣe ìkékúrú fún Lyons Electronic Office. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1951 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó ilé búrẹ́dì wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ tí a kọ́ fún ìṣirò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá di akọ̀wé alásè.

Iṣẹ́ tí LEO bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ni ó wù mí jù. Àwọn obìnrin ni alábòójútó àwọn ṣọ́ọ̀bù tíì. Olúkúlùkù wọn ti fi iye ọjà tí ó máa ń gbà sílẹ̀, ẹ̀rọ sì mọ̀ ọ́n. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, obìnrin náà kò ní sọ nǹkan kan. Bí ó bá fẹ́ kí ó lé tàbí kí ó dín, yóò sọ ìyàtọ̀ náà nìkan lórí tẹlifóònù, akọ̀wé tí ó gbọ́ ọ yóò sì lù ú sínú káàdì. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Kì í ṣe agbára ẹ̀rọ ni ó gbé iṣẹ́ yìí ró bí kò ṣe làákàyè David Caminer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó láti mọ ohun tí ó yẹ ní sísọ àti ohun tí kò yẹ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ pariwo. Ní 1958, Leavitt àti Whisler kọ àròkọ kan nínú Harvard Business Review níbi tí wọ́n ti dá orúkọ sílẹ̀ fún ìmọ̀ tuntun yìí, tí wọ́n sì sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò dín iṣẹ́ àwọn alákòóso àárín kù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1968, Yunifásítì Minnesota bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú MIS, ó sì dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ fún un. Gordon Davis ni aṣáájú, Gary Dickson wà pẹ̀lú rẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò owó ni Davis. Kò yani lẹ́nu pé Minnesota ni, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà, bíi Control Data àti Honeywell, wà ní àdúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ni ó ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń wo ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ń wo ẹni tí yóò ka ohun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1974, Davis ya dátà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwífún. Dátà ni iye àti ọ̀rọ̀ lásán. Kò di ìwífún àfi bí ó bá ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á, tí ó sì ṣe é láǹfààní nínú ìpinnu tí ó ní láti ṣe. Àwọn kan nínú wa ń pe ohun yìí ní ìròyìn, àwọn mìíràn ń pè é ní ìmọ̀. Èmi fara mọ́ ìwífún, ẹ sì wo bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò lè wí fún láìsí ẹni tí a ń wí fún. Olùgbọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó lanu. Ìròyìn lè máa fẹ́ kiri lórí afẹ́fẹ́ láìní olówó. Ìwífún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìtumọ̀ Davis rọrùn láti yé ọmọ Yorùbá ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Kò pẹ́ tí àtakò fi dé. Kí ẹ̀kọ́ Minnesota tilẹ̀ tó fìdí múlẹ̀, Russell Ackoff ti kọ àròkọ kan ní 1967 tí ó fi orúkọ ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀fẹ̀, ó pè é ní ètò ìṣini-lọ́nà fún alákòóso. Ó ní kì í ṣe àìtó ìwífún ni ó ń pa alákòóso lára bí kò ṣe àpọ̀jù èyí tí kò wúlò. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọjà inú ilé-ìpamọ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Àwọn tí ń lò ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá mìíràn tí iye owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po-ìlọ́po ti àkọ́kọ́. Nígbà tí Ackoff yẹ ìwé wọn wò, ó rí i pé iye tí ó yẹ kí ọjà má lé kọjá ni ẹ̀rọ ń lò bí iye tí ó yẹ kí a tún ra òmíràn. Bí ọjà bá ti dín díẹ̀ péré, ẹ̀rọ a tún ti rà. Kò sí alákòóso kan tí ó mọ̀, nítorí pé wọ́n ti gbà pé kò kan àwọn láti mọ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí a bá bi mí ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi yẹ kí ó wà, ìtàn alátakò rẹ̀ yìí ni mo máa ń sọ.

John Dearden ti Harvard le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1972 ó kọ ọ́ pé àlá lásán ni MIS: ìwífún owó, ti ọjà àti ti òṣìṣẹ́ yàtọ̀ síra, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè jẹ́ ọ̀gá nínú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Dearden ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n a lè fi irú rẹ̀ pa ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó mọ ìjálá lè má mọ ẹkún ìyàwó.

Ilẹ̀ wa náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti fi kún un. Nítorí ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni kọ̀ǹpútà fi kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Wọ́n fagi lé ti 1962, àríyànjiyàn lórí ti 1963 kò sì tán títí di òní. Ìṣirò kọ́ ni ìjà náà dá lé lórí. Ohun tí ó dá lé lórí ni ẹni tí ó ka ènìyàn, ohun tí ó kọ sílẹ̀, àti ohun tí yóò ti ara iye náà bọ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè yanjú èyí.

Ní 1977 ni ìwé àtìgbàdégbà wọn, MIS Quarterly, bẹ̀rẹ̀; ní 1980 wọ́n ṣe àpéjọ àgbáyé wọn àkọ́kọ́ ní Philadelphia. Níbẹ̀ ni Peter Keen ti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ìmọ̀ wo ni àwọn fẹ́ máa gbára lé, àti pé nígbà wo ni iṣẹ́ ẹnì kan yóò máa dúró lórí iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Àwa tí a yá èlò lọ́wọ́ ẹ̀dá-èdè, ìtàn àti ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn kí a tó lè kọ́ Yorùbá ní yunifásítì kò lè fi Keen rẹ́rìn-ín. Tèmi ni pé yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá ti mọ ìbéèrè tí ó jẹ́ tiwa.

Lẹ́yìn tí òwò íntánẹ́ẹ̀tì wó lulẹ̀ ní 2000 sí 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá fún ẹ̀kọ́ náà ní Amẹ́ríkà, a sì da àwọn ẹ̀ka kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ní 2003 Nicholas Carr kọ ọ́ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò tún jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ kan lè fi borí èkejì, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn ti ní in. Ẹ̀kọ́ náà kò kú. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ kọ ní 2010, wọ́n là á sílẹ̀ pé kò pọn dandan kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò nìkan mọ́.

Àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù láàárín àwọn onímọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ fún ni Churchman, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, Langefors, ará Sweden, Daniel Couger, àti Enid Mumford ti Manchester, ẹni tí ó ti wọ inú ilẹ̀ lọ bá àwọn awakùsà èédú sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nípa bí a ṣe ń ṣètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn tí yóò lò ó. Orúkọ tí wọ́n fún àmì-ẹ̀yẹ náà ni LEO, orúkọ ẹ̀rọ àwọn alásè ìlú London.