Ọ̀rọ̀ Tó Ṣeé Ké Lójú Iṣẹ́

Òfin kan wà nínú ìdíje alùpùpù tí wọ́n ń pè ní International Six Days Enduro tó yí ọwọ́ mi padà nígbà tí mo jókòó láti kọ àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníkì. Ẹni tó ń gun alùpùpù ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, fún gbogbo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí táyà bẹ́, bí ṣéènì já, òun náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mẹkáníkì tó bá a wá láti ìlú rẹ̀ lè dúró lẹ́yìn okùn, kó máa wo aago, kó máa sọ ohun tó kàn fún un, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bá a tún alùpùpù náà ṣe. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀gá tó mọ ẹ̀rọ bí ẹní mowó, tí kò ní irinṣẹ́ kankan mọ́ àfi ẹnu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ìwọ̀n tí mo fi wọn gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé ké sí ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tí girísì kún ọwọ́ rẹ̀, tí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sì kù fún un, kò wúlò fún ìdíje yìí.

N kò tètè mọ èyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ti ṣẹ̀dá orúkọ fún ẹ̀yà ara alùpùpù látòkè délẹ̀. Mo sọ kìlọ́ọ̀ṣì di ‘àsopọ̀ agbára’, mo sọ pílọ́ọ̀gì di ‘atanná ẹ̀rọ’, mo sì sọ irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà di ‘ọ̀pá ìyọ-etí-rọ́bà’. Mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mẹkáníkì kan ní àdúgbò wa. Ọ̀gá ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tú táyà ẹ̀yìn, kí èmi máa ka ìwé mi fún un bí ẹni tó wà lẹ́yìn okùn. Mo kà á. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ní kí n mú?”

Ọ̀gá gba iṣẹ́ náà lẹ́nu mi. “Fi orúnkún tẹ̀ ẹ́! Tẹ ètè ẹ̀ wọnú. Ti irin bọ̀ ọ́. Òmíràn. Fà á sọ́dọ̀ ara ẹ. Má fipá ṣe é, yí i!” Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ kan ti jáde lára ríìmù, èkejì sì tẹ̀ lé e.

Ètè ló pè é, etí táyà tó nípọn, tó máa ń gé ríìmù jẹ. N kò lè rí orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láéláé. Yàtọ̀ sí ètè, ọ̀rọ̀-ìṣe ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó sọ: tẹ̀, tì, fà, yí. Bí Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìṣe la fi ń darí ọwọ́, àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ló máa ń sáré wá orúkọ kiri. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi kìlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní kìlọ́ọ̀ṣì, tí mo fi pílọ́ọ̀gì sílẹ̀ ní pílọ́ọ̀gì. Wọ́n ti ní ilé lẹ́nu àwọn tó ni wọ́n. Ìlànà ìdíje àti àṣà rẹ̀ ni kò tíì ní orúkọ láàárín wa, ibẹ̀ ló yẹ kí a lo agbára wa.

Ẹ wo alùpùpù fúnra rẹ̀. Etí ni àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ fi ṣe é: pù-pù-pù tí ẹ́ńjìnì ń ké. Ọ̀kadà wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ayé ìjọ́sí, iṣẹ́ akérò ló sì dúró lé lórí; ẹni tó ń díje fún ilẹ̀ Faransé kò gbé èrò kankan. Agùnlùpùpù ni mo pè é, bí àwọn baba wa ti ń pe agẹṣin. Ní ti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ohun tí kì í ṣe ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń júwe rẹ̀, pé kì í ṣe títì (‘off-road’). Yorùbá ní gbágungbàgun, ọ̀rọ̀ tí ìbàdí ẹni ti ń mọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́ tán.

Orúkọ ìdíje náà le díẹ̀. Ní Carlisle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1913, ‘Trial’ ló sì wà nínú orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìdánwò nìyẹn, kò ní wàhálà: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ṣeé gbára lé. Ní 1981, ní erékùṣù Elba ní Ítálì, ó di ‘Enduro’. Ìfaradà ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó fara da ìyà lè dúró sójú kan kó máa jẹ ẹ́. Àforítì ní ìtẹ̀síwájú nínú: orí ni a fi tì í, títí yóò fi lọ. Ìje àforítì ọjọ́ mẹ́fà. Ó ṣeé pè, kò sì purọ́.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo alùpùpù ni wọ́n ń kó sínú ọgbà kan tí Faransé ń pè ní parc fermé. Ẹni tó bá ń sáré ìtumọ̀ yóò kọ ‘ibi ìgbọ́kọ̀sí’, yóò sì ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọlọ́kọ̀ lè padà síbẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Nínú ọgbà yìí, ẹni tó ni alùpùpù kò gbọ́dọ̀ tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ta ẹ́ńjìnì jí. Ọwọ́ ló fi ń tì í jáde láàárọ̀, tí wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú 10 láti fi ṣe àtúnṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 15 ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pààrọ̀ táyà, kí alùpùpù tó tún wọlé. Àhámọ́ ni mo pè é.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í lo túùbù. Òrùka fóòmù kan, irú èyí tí Michelin ń ṣe, ni wọ́n ń ki sínú táyà kí ẹ̀gún tàbí òkúta má baà rí afẹ́fẹ́ tú jáde. Mo fẹ́ kọ fóòmù, ṣùgbọ́n ibùsùn ni fóòmù jẹ́ lọ́kàn wa. Nígbà tí mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ̀gá, ó ní, “Tìmùtìmù inú táyà nìyẹn.” Mo dákẹ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún àwọn tó jọ lọ díje fún orílẹ̀-èdè kan, mo yan ikọ̀ dípò ẹgbẹ́, torí ẹni tí ọba rán níṣẹ́ ni ikọ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ló gbé lọ. Agùnlùpùpù 4 ni orílẹ̀-èdè kan ń rán fún World Trophy, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù. Amẹ́ríkà ti ń rán ikọ̀ tipẹ́. Òṣèré Steve McQueen wà lára wọn ní Erfurt, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ní 1964. Síbẹ̀, ọdún 2016, ní Sípéènì, ni wọ́n tó kọ́kọ́ gba ife náà.

Ọ̀rọ̀ aago ló gbà mí lákòókò jù. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rìn lójúmọ́, ojú ìje díẹ̀ láàárín rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi gbogbo agbára sáré. Ní àwọn ibì kan lọ́nà, agùnlùpùpù gbọ́dọ̀ fara hàn ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un gan-an. Ibùsọ̀ ni mo pe ibẹ̀. Lónìí, máìlì la fi ń túmọ̀ ibùsọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí aláàárù ti ń sọ̀ ẹrù ni, mo sì fẹ́ kí ìtumọ̀ yẹn padà sẹ́nu wa. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 1 pẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni wọ́n ń fi kún àkókò rẹ̀. Mo ti kọ ‘ìjìyà’ sí i, mo pa á rẹ́. Ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ nínú igbó kò dẹ́ṣẹ̀. Gbèsè ló jẹ. Mẹkáníkì ẹ̀yìn okùn lè ké e: “O ti jẹ mẹ́rin!” Ẹni tó bá sì fi ìṣẹ́jú 1 tètè dé, òun náà jẹ gbèsè iye kan náà, torí àdéhùn ni ìṣẹ́jú yẹn, ẹni tó kò ó lójú kí ó tó pé kò pa àdéhùn mọ́.

Bí gbèsè náà bá wá kọjá ìṣẹ́jú 60 ńkọ́? Ó parí fún onítọ̀hún nìyẹn. ‘A yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje’ ni mo kọ, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ọmọṣẹ́ tó tú táyà lọ́jọ́ náà ń fi ọṣẹ bó girísì lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí òun ì bá pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gbèsè lẹ pè é? Aago ti gbẹ́sẹ̀ lé e nìyẹn.”