Àkọ̀ Tó Ń Ba Ọ̀bẹ Jẹ́: Ìtàn Ìtọ́jú Ọ̀bẹ Àpò Nínú Ilé

Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Láàárín àwọn tó ń kó ọ̀bẹ àpò jọ, òdìkejì òwe yìí ni ojú wọn ń rí: àkọ̀ ló ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí èèyàn lè sọ sápò ṣòkòtò láìgún ara rẹ̀ nítan. Ẹni tó bá tọ́jú ọ̀kan sínú àpò awọ rẹ̀, tó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nígbà tó bá máa padà dé ibẹ̀, idẹ ara rẹ̀ á ti ta àwọ̀ ewé, ìpáàrà á sì ti máa jẹ ojú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èèyàn wá mọ̀ pé ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ̀bẹ lè jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ìmọ̀ náà sì ti ná ọ̀pọ̀ wọn lówó.

Ọ̀bẹ tó ń ká ti pẹ́ láyé. Ní Hallstatt, lórílẹ̀-èdè Austria, wọ́n rí ọ̀kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 600 sí 500 ṣáájú ìbí Kristi. Fitzwilliam Museum ní Cambridge sì ní irinṣẹ́ àwọn ará Róòmù kan láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta: fàdákà ni ara rẹ̀, ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń ká. Fàdákà náà ṣì dúró pé pérépéré. Ojú ọ̀bẹ tó jẹ́ irin ni ìpáàrà ti jẹ.

Tó bá di ti ká pàtẹ ọ̀bẹ fún wíwò, Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn ti gbòòrò. Ìlú àwọn aṣọ̀bẹ ni; láti 1624 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ wọn, Company of Cutlers in Hallamshire, sílẹ̀. Ní 1822, ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers & Sons ṣe ọ̀bẹ kan tí wọ́n pè ní Year Knife. Ojú 1,822 ló ní, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti ìbí Kristi, wọ́n sì fi ojú tuntun kún un fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó lè fi í bó ọsàn. Kí oníbàárà lè yanu wò ó ni wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tí Ìpàtẹ Ńlá ti 1851 dé ní London, ilé iṣẹ́ yìí kan náà gbé Norfolk Knife jáde, tí ojú àti irinṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ 75, tí èèkù rẹ̀ sì jẹ́ ìkarahun òkun tó ń dán tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Sheffield náà ló ṣì wà dòní.

Ìpàtẹ ọjà nìyẹn o, kì í ṣe àkójọ ilé. Àgbẹ̀ tàbí atukọ̀ ayé ìgbà náà, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló ń ní, á máa pọ́n ọn títí ojú rẹ̀ á fi tín-ín-rín. Ta ni ì bá ro pé kóun kó ọgbọ̀n jọ, kóun má sì fi ọ̀kankan gé nǹkan?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ilé ìtajà irinṣẹ́ ni wọ́n ti ń ta ọ̀bẹ àpò níbẹ̀. Olùtajà á so wọ́n mọ́ pátákó, á sì gbé pátákó náà síbi tí ojú oníbàárà á ti tó o. W.R. Case & Sons, ilé iṣẹ́ tó wà ní Bradford, Pennsylvania, ló koná mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Láti 1965 ni wọ́n ti ń tẹ "CASE XX USA" sí ìdí ojú ọ̀bẹ wọn. Nígbà tó di 1970, wọ́n fi àmì tótòtó mẹ́wàá sábẹ́ orúkọ náà, wọ́n sì ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún. Ọ̀bẹ tó ní àmì mẹ́fà, ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó ní ẹyọ kan, 1979 ni. Bí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ báyìí, àwọn tó gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí kò ní àmì kiri àwọn ilé ìtajà, wọ́n sì ń rà wọ́n tòun ti pátákó tí wọ́n so wọ́n mọ́.

Àmì kékeré yẹn yí bí wọ́n ṣe ń to ọ̀bẹ sílé padà. Tẹ́lẹ̀, èèkù ló ń wu èèyàn: ìwo àgbọ̀nrín, egungun tí wọ́n pa láró, ìkarahun. Ní báyìí, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ nínú férémù onígíláàsì, kí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n tẹ orúkọ sí kọjú sí ẹni tó ń wò ó, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ní 1972, àwọn olùkójọ dá ẹgbẹ́ National Knife Collectors Association sílẹ̀ ní Tennessee. Ọ̀nà tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ Opinel gbà ní ilẹ̀ Faransé: ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tò ó. Oríṣi ìwọ̀n 12 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, àmọ́ wọ́n yọ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkọkànlá kúrò láàárín àwọn ọdún 1930, ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀lé tó pé fi jẹ́ mẹ́wàá tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2 dé 12.

Ṣùgbọ́n férémù onígíláàsì tí wọ́n tì pa ló tú àṣírí sẹ́lúlọ́ìdì. John Wesley Hyatt gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ní 1870. Òwú tí wọ́n fi ásíìdì ṣiṣẹ́ lé lórí, tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ kámúfọ̀, ni. Ó rọrùn láti pa á láró sí àwọ̀ tó bá wuni, àwọn aṣọ̀bẹ sì fi ṣe èèkù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń jẹrà. Bó bá ti ń jẹrà, èéfín tí ojú kò rí á máa jáde lára rẹ̀, èéfín yìí á pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á di ásíìdì. Ẹni tó bá ṣí àpótí bẹ́ẹ̀, òórùn kíkan ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa rí i pé èèkù ti sán, ó ń làágùn, àti pé kì í ṣe ọ̀bẹ yẹn nìkan ni ìpáàrà bò: àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí èèkù tiwọn jẹ́ egungun lásán náà ti fara gbá a. Sẹ́lúlọ́ìdì tún máa ń tètè gbiná. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa gbé, níbi tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé tó ń jáde. Bó bá ti ń jẹrà, kò sí oògùn tó ń wò ó.

Awọ kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ásíìdì àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń kù sínú rẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Kí àpò awọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ, kí ọ̀bẹ má ṣe sùn sínú rẹ̀.

Igi gan-an ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ní 1899, ọkùnrin ará Britain kan, Loftus St. George Byne, kọ̀wé nípa ìkarahun inú àkójọ tó ń yọ èérún funfun lára, tó sì ń di ẹ̀tù. Ó pè é ní àrùn. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Èéfín ásíìdì tó ń jáde lára igi oak tí wọ́n fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ló ń jẹ ìkarahun náà, èéfín yìí kan náà sì lè ba irin jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ ní èèkù ìkarahun. Ní 1973, Andrew Oddy ti British Museum gbé ìdánwò kan jáde: wọ́n á fi ègé igi tàbí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lò sínú ìgò kan pẹ̀lú omi díẹ̀ àti ègé fàdákà, bàbà àti òjé, wọ́n á dé e, wọ́n á fi sínú ooru 60°C fún ọjọ́ 28. Bí irin bá yí àwọ̀ padà, ohun náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ìpàtẹ. Ìdánwò Oddy ni wọ́n ṣì ń pè é. Fóòmù PVC àti rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ nílé kì í sábà yege. Fóòmù polyethylene ló dára.

British Museum yìí náà ni Renaissance Wax ti wá láàárín àwọn ọdún 1950, ìda tí wọ́n ń fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra ojú ọ̀bẹ kí ọwọ́ tó ń làágùn má baà fi iyọ̀ sí i. Epo tí wọ́n ń ta fún ẹ̀rọ náà dára. Òróró ìdáná kò dára rárá, torí ó máa ń lẹ̀, á sì mú kí ọ̀bẹ ṣòro í ṣí. Ojú ọ̀bẹ ń fẹ́ ibi gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá gbẹ jù, èèkù egungun, igi tàbí eyín erin á sán. Ẹni tó ń gbé Èkó mọ apá kìíní dáadáa lásìkò òjò, nígbà tí ohun gbogbo ń bu. Ọyẹ́ ló máa kọ́ ará Ọ̀yọ́ ní apá kejì. Àpò kékeré silica gel tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ tàbí mú gbẹ lóòrèkóòrè, ni ọ̀pọ̀ olùkójọ fi ń wá ìwọ̀n àárín. Oòrùn tààrà kò gbọ́dọ̀ kan gíláàsì, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ibẹ̀ fàyè gba ọ̀bẹ àpò tí kì í há nígbà tó bá ṣí, tí ibi tó ń gé kò ju ínṣì mẹ́ta lọ, láti máa mú rìn níta. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń fò ṣí bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, Offensive Weapons Act 2019 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti 14 Oṣù Keje 2021, kódà bó bá wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀. Bẹ́ ẹ bá jogún àpótí ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò kí ẹ tó gbé wọn kọ́.