Níbo Ni Mo Bá Ọ̀rọ̀ Dé?

Ní nǹkan bí ọdún 1958, ní Ìdí Arère, Ìyá àgbà rán mi lọ ra epo ní Ọjà'ba. Bí mo ṣe ń lọ, bùọ̀dá kan dá mi dúró pé kí n bá òun gba bàtà lọ́wọ́ ṣúmékà. Ṣúmékà ní kí n kọ́kọ́ bá òun ra òwú. Mo ra òwú, mo gba bàtà, mo sáré wálé. Owó epo ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ ohun tí ojú mi rí.

Kọ̀ǹpútà náà gbàgbé epo rí. Ní Cambridge, lórí ẹ̀rọ EDSAC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949, David Wheeler wá ọgbọ́n kan: bí ètò bá rán iṣẹ́ kékeré kan jáde (function là ń pè é), inú function yẹn gan-an ni àdírẹ́sì ibi tí yóò padà sí máa ń wà. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n àyè kan ṣoṣo ló wà. Bí function náà bá tún pe ara rẹ̀ kó tó parí, àdírẹ́sì kejì á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ọ̀nà ilé sọnù nìyẹn.

Alan Turing ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ní òpin 1945: kí á ko àdírẹ́sì wọ̀nyí jọ síbì kan, kí èyí tó wọlé kẹ́yìn kọ́kọ́ jáde. Ó pe ìfipamọ́ ní sísin, ó pe ìmújáde ní híhú, bí òkú. Ní 1957, Bauer àti Samelson ní Jámánì pè é ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ní 1960, Dijkstra, ọmọ Nẹ́dálándì, pè é ní stack, ó sì ṣàlàyé bí function ṣe lè pe ara rẹ̀ láì ṣìnà. Èmi á pè é ní àtòléra.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Gbogbo ìpè ló ní ìpele tirẹ̀: ibi tí ẹni tó pè é bá iṣẹ́ dé, ohun tí wọ́n fi rán an, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Tòkè ló ń kọ́kọ́ parí. Wọ́n á ká a kúrò, tìsàlẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ. Òwú, bàtà, lẹ́yìn náà epo. Bí ìpè kò bá sì dáwọ́ dúró, àyè á kún, ètò á dà wó.

Gbólóhùn wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "Aṣọ tí ọmọ tí mo rán níṣẹ́ rà ti ya." Ọkàn yín fi "aṣọ" pamọ́ títí "ti ya" fi dé.

Nígbà tí Ìyá àgbà darúgbó, bó bá ń pàtàn lọ́wọ́ tí ẹnìkan sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, á bi wá pé, "Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?" Àwa ọmọ la máa ń rán an létí. Ní báyìí, èmi náà ti ń bi àwọn ọmọ-ọmọ mi.