Lachenal: Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ dá lọ

Ẹ jẹ́ ká rántí ẹnì kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Louis Lachenal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bí ní ìlú Annecy ní 1921.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó máa ń ṣáájú àwọn tó fẹ́ gun òkè gíga, ó sì tún ń kọ́ èèyàn ní síkì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń de pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ láti fi sáré lórí yìnyín. Ẹsẹ̀ ló fi ń jẹun. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1950, ẹgbẹ́ kan láti Faransé lọ gun òkè Annapurna ní Nepal. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8,091. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí ẹni tó dé ṣóńṣó òkè kankan tó ju mítà 8,000 lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, Lachenal àti olórí wọn, Maurice Herzog, ló kù lọ́nà. Lachenal mọ̀ ọ́n lára pé òtútù ti ń pa ẹsẹ̀ òun. Ó bi Herzog léèrè ohun tó máa ṣe tí òun bá padà. Herzog ní òun á máa dá lọ ni. Lachenal bá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun mọ̀ pé tí Herzog bá dá lọ, kò ní padà wá.

Wọ́n dé ṣóńṣó o, àmọ́ àbọ̀ wọn le. Ìbọ̀wọ́ Herzog já bọ́ lọ. Lionel Terray àti Gaston Rébuffat, tí àwọn náà fẹ́ gòkè, pa tiwọn tì, wọ́n ń fi ọwọ́ ra wọ́n lára mọ́jú. Terray bọ́ bàtà tirẹ̀ tó tóbi fún Lachenal, ó sì fi tipátipá ki ẹsẹ̀ bọ ti Lachenal. Ẹ ò rí i? Èèyàn laṣọ!

Dókítà Jacques Oudot gé gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ Lachenal. Ìwé tí Herzog kọ gba gbogbo ayé kan. Lachenal ní tiẹ̀ ń kọ́ ìrìn lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ó fi padà sórí òkè. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, 1955, ó ń fi síkì sọ̀ kalẹ̀ ní Vallée Blanche, nítòsí Chamonix, ló bá jìn sínú kòtò yìnyín. Ọmọ ọdún 34 ni.

Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1956, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Ó di 1996 kí gbogbo rẹ̀ tó hàn síta.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwa náà mọ irú wọn: àwọn tó bá wa lọ nígbà tí wọ́n lè padà, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ta ni tiyín? Bó bá ṣì wà láàyè, ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ kí i kú ìrójú.